Orí Kẹrin: Ibi tí Ìwúwo Gbé Para Jọ

Láti Mile 2 dé Òkokòmáíkò, ojú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì kì í sinmi. Tírélà tó gbé kọ̀nténà láti èbúté Àpápá àti Tin Can ń bọ̀, dáńfó tó di ẹrù sórí ń lọ, ọmọlanke ń yọ láti ọjà Alábà, àwọn alábàárù sì ń gba àárín wọn kọjá tàwọn ti páálí tẹlifíṣọ̀n lórí. Ní Ìyànà-Ìbà, níbi tí ọ̀nà ti yà sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, sí Ìbà àti sí Ìgàndó, gbogbo wọn a máa pàdé. Púpọ̀ nínú ẹrù wọ̀nyí ló ń gúnlẹ̀ láyọ̀. Àwọn kan a máa ṣubú. Bí ọ̀kan bá sì ti ṣubú, ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu èrò ni pé ẹrù náà ló wúwo jù.

Ìwúwo nìkan kọ́. Kọ̀nténà tọ́ọ̀nù 25 lè ti Àpápá dé Sẹ̀mẹ̀ láìfì, kí èyí tí kò tó ìdajì rẹ̀ sì dojú dé ní kọ́nà àkọ́kọ́ tó bá pàdé. Ibi tí ìwúwo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé para jọ sí, àti bí ibẹ̀ ṣe ga sílẹ̀ tó, ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ibẹ̀ là ó máa pè ní àárín ìwúwo. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò yóò mọ ẹrù tó fẹ́ ṣubú kó tó ṣubú. Gbogbo ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokòmáíkò ló yẹ kó ní ìmọ̀ yìí, nítorí ẹ̀gbẹ́ ẹrù là ń gbé, ẹ̀gbẹ́ ẹrù náà la sì ń gbà lọ síbi iṣẹ́.

Ohun tí òòfà ilẹ̀ ń ṣe

Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Ayé yìí ń fa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ mọ́ra. Isaac Newton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ìṣirò hàn nínú ìwé tó gbé jáde ní 1687 pé agbára tó ń mú èso já bọ́ látorí igi náà ló de òṣùpá mọ́ ipa tó ń gbà yí ayé ká. Agbára yìí ni òòfà ilẹ̀. Bí òòfà bá ṣe fa nǹkan kan tó, bẹ́ẹ̀ ni ìwúwo rẹ̀ ṣe tó.

Ẹ mú àpò sìmẹ́ǹtì kan. 50 kg ni níbikíbi tí ẹ bá gbé e dé, nítorí ohun tó wà nínú àpò náà kò dín, kò sì lé. Ìwúwo rẹ̀ ni kì í dúró lójú kan. Ní Èkó, ohun tó bá ń já bọ́ ń sáré sí i ní mítà 9.78 lórí ìṣẹ́jú-àáyá, ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan tó bá fi ń bọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ìwúwo àpò náà níbí jẹ́ nǹkan bí 489 newton, ìyẹn òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn agbára. Lókè téńté àríwá ayé, níbi tí yìnyín bo gbogbo ojú omi, iye náà jẹ́ mítà 9.83, àpò kan náà yóò sì wúwo díẹ̀ sí i níbẹ̀. Ohun tó fà á ni pé ayé wú díẹ̀ ní agbedeméjì, ó sì ń yí, àwa tí a wà nítòsí agbedeméjì yìí la sì jìnnà jù sí àárín gbùngbùn rẹ̀. Lórí òṣùpá, ìwúwo àpò sìmẹ́ǹtì wa kò ní ju ìdá kan nínú mẹ́fà èyí tó jẹ́ níbí.

Òòfà kì í fa àpò náà ní ojú kan. Gbogbo ẹyọ ìyẹ̀fun inú rẹ̀ ló ń fà lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá ro gbogbo ìfà wọ̀nyí pọ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe kò yàtọ̀ sí ohun tí agbára kan ṣoṣo tó ń fa ojú kan ṣoṣo yóò ṣe. Ojú kan yẹn ni àárín ìwúwo. Ó ti lé ní 2,200 ọdún tí Archimedes, ará ìlú Syracuse, ti ń ṣírò ibi tó bọ́ sí lára oríṣiríṣi àwòrán onígun.

Ẹ wá a fúnra yín

Ẹ gé páálí kan bó bá ṣe wù yín, kó rí wọ́gọwọ̀gọ. Ẹ lu ihò mẹ́ta sí etí rẹ̀, kí wọ́n jìnnà síra. Ẹ kan ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ògiri, kí ẹ fi ihò àkọ́kọ́ kọ́ páálí náà síbẹ̀, kó lè máa mì fàlàlà. Ẹ wá so òkúta mọ́ ìdí òwú kan, kí ẹ so òkè òwú náà mọ́ ìṣó yẹn, bí àwọn bíríkìlà ti ń ṣe láti mọ̀ bóyá ògiri dúró ṣánṣán. Tí òwú àti páálí bá ti dúró jẹ́ẹ́, ẹ fi bírò fa ìlà gba ibi tí òwú náà gbà. Ẹ tún un ṣe ní ihò kejì àti ìkẹta.

Ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò pàdé lójú kan. Tí ẹ bá fi orí ìka kan gbé páálí náà ní ojú yẹn, yóò dúró, kò ní fì sápá kan. Ìdí rẹ̀ ni pé ohunkóhun tí a bá gbé kọ́ a máa yí títí àárín ìwúwo rẹ̀ yóò fi bọ́ sísàlẹ̀ ibi tí a gbé e kọ́ gan-an. Ìlà kọ̀ọ̀kan ń sọ pé, "Ó wà lójú ọ̀nà mi." Ibi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fẹnu kò ni a ń wá.

Ohun kan wà tó máa ń ya àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lẹ́nu nínú iṣẹ́ yìí. Àárín ìwúwo lè má sí lára nǹkan náà rárá. Ti òrùka wà nínú ihò rẹ̀. Ti táyà wà ní àárín gbùngbùn, níbi tí kò sí rọ́bà kankan. Nítorí náà, a kò lè fi ojú lásán wá a bí ẹni ń wá bọ́tìnì lára ẹ̀wù. Ó di kí a ronú ibi tí ẹrù pọ̀ sí àti ibi tí kò pọ̀ sí.

Òfin kan ṣoṣo

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn fa ìlà kan láti àárín ìwúwo nǹkan wá sílẹ̀ ní tààrà. Tí ìlà náà bá bọ́ sáàárín ìdí tí nǹkan náà fi jókòó, yóò dúró. Tó bá ti bọ́ síta, yóò ṣubú. Òfin náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí ènìyàn tó dúró ni àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú àyè tó wà láàárín wọn. Ìdí ọkọ̀ ni gbogbo àyè tí àwọn táyà rẹ̀ yí ká. Bí ìdí bá ṣe fẹ̀ tó, tí àárín ìwúwo sì lọ sílẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe ṣòro tó láti bì í ṣubú.

Ara ènìyàn ti mọ òfin yìí kí ìwé tó dé. Nígbà tí àgbàlagbà bá nàró, àárín ìwúwo rẹ̀ wà nínú ikùn, díẹ̀ sísàlẹ̀ ìdodo. Aboyún tí oyún rẹ̀ ti yọ a máa na ẹ̀yìn sẹ́yìn. Ìyá tó pọn ọmọ a máa tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ẹni tó gbé korobá omi lọ́wọ́ ọ̀tún a na ọwọ́ òsì síta. Oníjàkadì a ya ẹsẹ̀ rẹ̀, a sì lóṣòó díẹ̀, kí ìdí rẹ̀ lè fẹ̀, kí àárín ìwúwo rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Gbogbo wọn ń ṣọ́ kí ìlà yẹn má bọ́ kúrò láàárín ẹsẹ̀ wọn ni.

Ẹ wo alábàárù. Ó ká aṣọ ní òṣùká, ó gbé ẹrù ka orí, ẹrù náà sì dúró gbọnrangandan lórí eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Ìlà ìwúwo ẹrù gba ọrùn, ó gba ẹ̀yìn, ó bọ́ sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Ní 1986, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature, èyí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní Kẹ́ńyà. Wọ́n rí i pé àwọn obìnrin náà lè ru ẹrù tó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara wọn láìjẹ́ pé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ara wọn ń lò pọ̀ sí i. Fún ẹni tó jẹ́ 60 kg, 12 kg nìyẹn. Ẹrù tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í gbà lágbára. Ìmọ̀ gidi ni ìrìn àwọn tó ń ru ẹrù, ó sì yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún un bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹrù orí ń gbé àárín ìwúwo alábàárù ga sókè. Ìdí rẹ̀ kò sì fẹ̀ sí i. Èèyàn kan tó fèjìká gbá a lásán lè taari ìlà yẹn síta. Bí alábàárù bá kígbe pé kí a yàgò, ẹ yà lóòótọ́.

Ọmọlanke kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ẹsẹ̀ méjì ló ní, apá tí wọ́n fi ń fà á sì nà síwájú. Tí àárín ìwúwo ẹrù bá bọ́ sórí irin tó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ìwúwo ẹrù kò ní kan ọwọ́ ẹni tó ń fà á. Títì tàbí fífà ló kù fún un. Tó bá síwájú díẹ̀, apá ọmọlanke yóò rọra tẹ ọwọ́ rẹ̀, èyí sì dára. Tó bá sẹ́yìn ni wàhálà dé. Ká ní ẹrù náà jẹ́ 200 kg, kí àárín ìwúwo rẹ̀ fi 30 sẹ̀ǹtímítà sẹ́yìn irin yẹn, kí ọwọ́ ẹni tó ń fà á sì wà ní mítà kan àbọ̀ sí iwájú rẹ̀. Apá ọmọlanke yóò máa fẹ́ lọ sókè pẹ̀lú agbára tó tó ìwúwo 40 kg, ó sì lè gbé ẹsẹ̀ ẹni tí ìwọ̀n ara rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ kúrò nílẹ̀. Tí wọ́n bá tún wá gun òkè, ẹrù tó ga yóò fì sẹ́yìn sí i. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń to jẹnẹrétọ̀ síwájú àti sísàlẹ̀, tí yóò to páálí tó fúyẹ́ lé e lórí, tí yóò sì gbé apá ọmọlanke wò kó tó ṣí. Ìwọ̀n ló ń wọ̀n yẹn, ọwọ́ rẹ̀ sì ni òṣùwọ̀n rẹ̀.

Kọ̀nténà orí tírélà

Kọ̀nténà oní-ẹsẹ̀-bàtà 20 gùn ní mítà 6.06, ó fẹ̀ ní mítà 2.44, ó sì ga ní mítà 2.59. Tí wọ́n bá to ẹrù inú rẹ̀ dọ́gba láti ìsàlẹ̀ dókè, àárín ìwúwo rẹ̀ yóò wà ní nǹkan bí mítà 1.3 sí ìdí rẹ̀. Tí pẹpẹ tírélà bá wá ga ní mítà 1.5 sílẹ̀, àárín ìwúwo ẹrù náà ti di mítà 2.8 sílẹ̀, ó ga ju orí ẹnikẹ́ni nínú wa lọ. Tírélà náà kò sì fẹ̀ ju mítà 2.5 lọ: láti àárín rẹ̀ dé etí táyà ìta kò ju mítà 1.25 lọ. Ẹ pín 1.25 sí 2.8, ẹ óò rí i pé kò pé ìdajì. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé agbára tó bá ń taari ẹrù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kò nílò láti tó ìdajì ìwúwo rẹ̀ kó tó dà á nù. Sípíríǹgì àti táyà tó ń tẹ̀ sápá kan yóò tún dín in kù. Ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Àárín ìwúwo rẹ̀ kò ju bí ìdajì mítà sílẹ̀ lọ, nítorí náà, lórí ọ̀dà tó tẹ́jú, táyà rẹ̀ yóò yọ̀ kó tó di pé ó yí.

Níbo ni agbára tó ń taari yìí ti ń wá? Láti kọ́nà ni. Gbogbo ọkọ̀ tó bá ń yà ló fẹ́ máa lọ tààrà. Táyà ń fa ìsàlẹ̀ rẹ̀ yà, ẹrù tó wà lókè kò sì fẹ́ yà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò kọ́nà kan tó jẹ́ apá òbìrípo, tí àárín òbìrípo náà sì wà ní mítà 30 sí ojú ọ̀nà. Tí dírẹ́bà bá fi 20 kìlómítà ní wákàtí gbà á, agbára tó ń taari ẹrù sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo rẹ̀. Tó bá sọ eré náà di 40, agbára yẹn yóò di ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ó lé díẹ̀. Ó sọ eré di ìlọ́po méjì, ewu sì di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá yìí ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ibi tí tírélà wa ti ń dojú dé. Dírẹ́bà tó sọ pé òun ò sáré, pé 40 péré lòun wà, lè máa sọ òótọ́, kó sì ti sáré pa ara rẹ̀ ní kọ́nà yẹn.

Kòtò ń ṣe iṣẹ́ kan náà lọ́nà mìíràn. Bí táyà ẹ̀gbẹ́ kan bá bọ́ sí kòtò, gbogbo ọkọ̀ á fì, àárín ìwúwo tó ga yẹn á sì rìn jìnnà sápá ibẹ̀. Táńkà tí epo inú rẹ̀ kò kún tún burú sí i, nítorí epo a máa ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ bá fì sí, á sì gbé àárín ìwúwo lọ síbẹ̀ ní àsìkò tó yẹ kó padà sí àárín.

Ọ̀rọ̀ ìdè náà wà níbẹ̀. Ihò wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìdí kọ̀nténà, irin mẹ́rin sì wà lórí pẹpẹ tírélà tó yẹ kí wọ́n wọ inú ihò wọ̀nyí kí wọ́n sì yí pa. Àwọn onítírélà ń pè é ní twist-lock. Nígbà tí wọ́n bá yí i pa, kọ̀nténà àti tírélà di nǹkan kan ṣoṣo, ìwúwo tírélà nísàlẹ̀ sì ń fa àárín ìwúwo gbogbo rẹ̀ wálẹ̀. Tí wọn kò bá yí i pa, irin ló jókòó lórí irin, ó sì lè yọ̀, ó lè ta sókè nínú kòtò, kó sì bọ́ lé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Èkó ti rí èyí lójú. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án 2015, kọ̀nténà kan já bọ́ látorí afárá Ojúẹlẹ́gba lé àwọn ọkọ̀ tó wà nísàlẹ̀, ènìyàn mẹ́ta sì kú. Ní ọjọ́ Àìkú, 29 oṣù Kìíní 2023, òmíràn já bọ́ ní Ojúẹlẹ́gba kan náà lé bọ́ọ̀sì èrò. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló bá a lọ. Obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n yọ láàyè. Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ògiri etí afárá yẹ kó dá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ dúró kò tíì ro ti àárín ìwúwo. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni ògiri kúkúrú ń dá dúró. Ẹrù tí àárín ìwúwo rẹ̀ ga jù ú lọ yóò gba orí rẹ̀ yí kọjá. Afárá tó bá máa dá kọ̀nténà dúró ní láti ní ògiri tó ga, tó sì nípọn, ibi tí ọkọ̀ ńlá ti ń yà lórí rẹ̀ sì ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Lójú omi àti nínú ilé

Ilẹ̀ nìkan kọ́ ni Ọ̀jọ́ ní. Irewe àti àwọn abúlé mìíràn nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ wà ní òdìkejì omi, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sì ń wọ̀ wá sọ́jà. Omi ń gbé ọkọ̀ láti ìsàlẹ̀, òòfà ń fà á láti àárín ìwúwo rẹ̀. Tí ọkọ̀ bá fì sápá kan, ẹ̀gbẹ́ tó rì sí i ni omi yóò ti máa tì í sókè jù, èyí ni yóò sì dá a padà. Àmọ́ kìkì ìgbà tí àárín ìwúwo bá wà nílẹ̀ ni èyí ń ṣeé ṣe. Tí èrò mẹ́wàá bá dìde dúró lẹ́ẹ̀kan náà nítorí ìbẹ̀rù, wọ́n ti gbé e ga, fífì kékeré tí omi ì bá ti dá padà á wá di dídojúdé. Nítorí náà, tí ìgbì bá dé, ẹ jókòó, kí ẹ má ṣe sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹrù wà ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Kí aṣọ ìléfòó sì ti wà lọ́rùn kí ọkọ̀ tó ṣí.

Nínú ọgbà ilé wa, tánkì omi lórí irin gíga ni ká kọ́kọ́ wò. Tánkì lítà 2,000 tó kún jẹ́ tọ́ọ̀nù méjì, òkè téńté sì ni gbogbo rẹ̀ wà. Tí ẹsẹ̀ irin mẹ́rin bá gbé e, tí ìpẹtà sì jẹ ọ̀kan, àwọn mẹ́ta tó kù yóò di onígun mẹ́ta tí etí rẹ̀ kan gba abẹ́ àárín tánkì náà gẹ́lẹ́. Ìlà ìwúwo ti bọ́ sí bèbè nìyẹn. Atẹ́gùn díẹ̀ ló kù. Ẹ máa wo ìdí ẹsẹ̀ irin náà lọ́dọọdún, pàápàá níbi tí ó ti wọ inú kọnkéré. Nínú yàrá, tẹlifíṣọ̀n ńlá lórí dúrọ́ọ̀ gíga léwu fún ọmọdé. Tó bá fa gbogbo àpótí rẹ̀ jáde, tó sì gun orí èyí tó wà nísàlẹ̀, ó ti fa àárín ìwúwo síwájú kọjá ẹsẹ̀ dúrọ́ọ̀. Ẹ kan òkè rẹ̀ mọ́ ògiri.

Ohun tí a ó máa bèèrè

Àwọn Yorùbá ní ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ẹrù náà ní orí, ó sì ní ìdí: èyí tó wúwo ni ìdí rẹ̀, èyí tó fúyẹ́ ni orí rẹ̀. Kí ẹ̀yin tó ń di kọ̀nténà, tírélà tàbí òrùlé dáńfó má ṣe dojú rẹ̀ bolẹ̀. Kí ẹ má ṣe to ohun tó wúwo sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí dírẹ́bà yí irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa kó tó kúrò ní èbúté, kó sì sọ̀ kalẹ̀ wò wọ́n lójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin tó ń kọjá náà ní iṣẹ́ tiyín. Tí tírélà bá ń yà ní Ìyànà-Ìbà, ẹ má ṣe dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìta kọ́nà náà, nítorí ibẹ̀ ni yóò ṣubú sí tó bá máa ṣubú. Ẹ má ṣe rọ ọkọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀nténà nínú gosíló. Tí ẹ bá sì rí èyí tí wọn kò dè, ẹ pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó.

Òòfà ilẹ̀ kì í dáwọ́ dúró, kò sì mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Ibi tí àárín ìwúwo yóò wà ló kù sí wa lọ́wọ́, a sì ń yàn án ní gbogbo ìgbà tí a bá ń to ẹrù. Ẹni tó ń to ẹrù sínú kọ̀nténà ní èbúté ń pinnu ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní kọ́nà kan tí òun kò ní dé, sí àwọn èèyàn tí òun kò ní mọ̀. Nítorí náà, kí a kọ́ ọ, kí a sanwó tó yẹ fún un, kí a sì bi í léèrè kí ọkọ̀ tó ṣí: níbo lo gbé ìwúwo rẹ̀ sí?